Òtútù Ló Ń Ṣọ́ Ìtura Ìlú Montreux

Ní etí Adágún Geneva, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Léman, ní orílẹ̀-èdè Swítsàlandì, ni ìlú Montreux wà. Ọ̀pẹ ń hù ní bèbè omi rẹ̀, igi ọ̀pọ̀tọ́ ń so nínú ọgbà, òdòdó sì tò lọ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà najú létí adágún. Nǹkan bí 400 mítà péré ni ìlú náà fi ga ju òkun lọ, ṣùgbọ́n òkè Rochers-de-Naye tó yọrí lẹ́yìn rẹ̀ ga tó 2,042 mítà, òjò dídì sì máa ń bo orí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Láti ọdún 1892 ni ojú irin ti dé orí òkè náà, tí èrò fi lè kúrò lábẹ́ ọ̀pẹ kó sì bọ́ sínú òjò dídì láàárín nǹkan bí wákàtí kan. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ka Montreux mọ́ àwọn ìlú tí ojú ọjọ́ wọn jẹ́ ti etíkun, èyí tí kì í tutù jù, tí kì í gbóná jù, tí òjò rẹ̀ sì pín káàkiri ọdún. Bẹ́ẹ̀ òkun kò sí nítòsí. Òkun Àtìláńtíìkì jìnnà sí i ju 500 kìlómítà lọ. Òkun Mẹditaréníà jìnnà sí i ju 200 kìlómítà lọ, gbogbo ògiri òkè Alps sì wà láàárín wọn.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa ìlú yìí sábà máa ń sọ̀rọ̀ ìtura rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀bùn ni, ohun tí Ẹlẹ́dàá gbé kalẹ̀ síbẹ̀ tí kò ní í yẹ̀ láéláé. Láti inú èrò yẹn ni èrò kejì ti ń yọ, ní àkókò tí ayé ń gbóná sí i yìí: pé bí ìgbà òtútù bá ṣe ń rọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni adùn yóò máa gorí adùn fún irú ìlú bẹ́ẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà, ẹ̀rí tó fi hàn pé kò tọ̀nà sì wà nínú adágún náà fúnra rẹ̀. Ìtura Montreux kì í ṣe ooru. Iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́, òkè àti omi jíjìn ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ṣe ni, òtútù sì wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá yọ òtútù kúrò níbẹ̀ kò fi kún ìtura rárá. Ohun tó ń gbé ìtura náà ró ló yọ.

Ká tó lọ jìnnà, ó yẹ ká mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n bá sọ pé ojú ọjọ́ ibì kan jẹ́ ti etíkun. Ọwọ́ Wladimir Köppen ni ìpín náà ti wá, ọkùnrin tí wọ́n bí sí ìlú St. Petersburg ní ọdún 1846, tó lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ní Jámánì, tó gbé ìpín ojú ọjọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1884, tó sì ń tún un ṣe títí di ọdún 1936. Lẹ́tà mẹ́ta ló fi ń tọ́ka sí irú ojú ọjọ́ tí a ń sọ yìí: Cfb. C dúró fún ibi tí ìpíndọ́gba ooru oṣù tó tutù jùlọ kì í lọ sí ìsàlẹ̀ −3 °C, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn lónìí ń fi ààlà náà sí òdo. F dúró fún ibi tí kò ní ẹ̀ẹ̀rùn tó dá yàtọ̀. B dúró fún ibi tí oṣù tó gbóná jùlọ kì í dé ìpíndọ́gba 22 °C, ṣùgbọ́n tí oṣù mẹ́rin ó kéré tán ń dé 10 °C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. London, Dublin àti Wellington wà nínú ìpín yìí, Montreux náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé irọ́ ni láti pe ìlú àárín òkè ní ti etíkun kò wo ohun tí ìpín náà ń wọ̀n. Kò wọn bí òkun ṣe jìnnà tó. Ohun tó wọ̀n ni bí ojú ọjọ́ ṣe ń hùwà. Àwọn ààlà méjèèjì náà ṣe pàtàkì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀: ibi tó tutù jù kò lè wọ inú rẹ̀, ibi tó gbóná jù pẹ̀lú kò lè wọ̀ ọ́. A ó padà sórí ààlà òkè yẹn.

Ẹlẹ́kìíní nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtura ni afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn. Montreux wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 46 sí àríwá agbedeméjì ayé. Ìlú Québec ní Kánádà àti ìlú Harbin ní Ṣáínà wà lórí ìlà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá tirẹ̀ dọ́gba, oòrùn tó ń ràn sí wọn nínú ọdún kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Síbẹ̀ ìpíndọ́gba ooru oṣù kìíní ní Québec jẹ́ nǹkan bí −12 °C, ti Harbin sì jẹ́ nǹkan bí −18 °C, nígbà tí ti Montreux ga díẹ̀ ju òdo lọ. Ìyàtọ̀ ńlá yìí kò lè wá láti ọ̀dọ̀ oòrùn. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá ló fà á. Afẹ́fẹ́ tó ń dé ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ti rìn lórí omi Àtìláńtíìkì, òkun tó ti gba ooru pamọ́ láti ìgbà ooru, tó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà òtútù. Orí ilẹ̀ gbígbòòrò tó ti dì gbagidi ni afẹ́fẹ́ tó ń dé Québec àti Harbin ti máa ń wá ní tiwọn. Ẹ sì kíyè sí i pé Québec sún mọ́ omi òkun ju Montreux lọ dáadáa. Odò ńlá St. Lawrence tó ń wọ inú òkun kọjá níwájú rẹ̀. Wíwà nítòsí òkun nìkan kò tó láti mú ìlú rọ̀. Afẹ́fẹ́ ní láti gba orí òkun kọjá kó tó dé ìlú náà.

Òkè ni ẹlẹ́kejì. Ọ̀pọ̀ àlejò rò pé òkè ló ń mú ilẹ̀ Alps tutù, òótọ́ sì ni fún àwọn tó ń gbé lórí òkè. Fún ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, tó sì kọjú sí gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, ààbò ni òkè jẹ́. Afẹ́fẹ́ kan wà ní Swítsàlandì tí wọ́n ń pè ní bise. Láti àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, ó gbẹ bí ọyẹ́, ṣùgbọ́n òtútù rẹ̀ le débi pé ó ń mú omi dì. Òkè Jura àti òkè Alps há a mọ́ àárín, ó sì ń yára sí i bó ṣe ń bọ̀ níhà Geneva. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù kejì ọdún 2012, bise gbá omi adágún sókè ní ìlú Versoix nítòsí Geneva. Omi náà dì mọ́ ohun gbogbo tó bà lé: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìjókòó etí omi, igi àti irin. Àwòrán àwọn ọkọ̀ tí yìnyín bò pátápátá yẹn kárí ayé. Adágún kan náà ni Versoix àti Montreux jọ ń lò, ṣùgbọ́n Montreux wà ní igun kejì, níbi tí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ń dí bise lọ́nà. Bó bá jẹ́ adágún nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ ìtura, ohun tó dé bá Versoix ìbá má ṣẹlẹ̀.

Ẹlẹ́kẹta, tó sì jẹ́ ọ̀gá iṣẹ́, ni adágún náà. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 580 kìlómítà níbùú lóròó, ó gùn ní nǹkan bí 73 kìlómítà, ibi tó jìn jùlọ nínú rẹ̀ sì jìn tó nǹkan bí 310 mítà. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí irú omi bẹ́ẹ̀ lè ṣe, ìṣirò kan péré ti tó. Kìlógíráàmù omi kan ń gba ooru tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin èyí tí kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ kan ń gbà kí méjèèjì tó lè gbóná sí i ní 1 °C, omi sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí mítà kúbíkì omi kan bá tutù ní 1 °C, ooru tó tú sílẹ̀ lè mú afẹ́fẹ́ tó ju 3,000 mítà kúbíkì lọ gbóná ní 1 °C. Ní ìgbà ooru, adágún ń gba ooru mọ́ra, ìlú kò sì gbóná tó bí ì bá ti gbóná. Nígbà òtútù, ó ń dá ooru náà padà, ìlú kò sì tutù tó bí ì bá ti tutù. François-Alphonse Forel, tí wọ́n bí sí Morges létí adágún yìí kan náà ní ọdún 1841, ló kọ́kọ́ sọ irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ka ìmọ̀ tó dá dúró. Ìwé rẹ̀ lórí Léman jáde ní apá mẹ́ta láàárín ọdún 1892 sí 1904, títí di òní sì ni àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa adágún káàkiri ayé ń pè é ní baba ìmọ̀ wọn.

Igi kan kì í dá igbó ṣe, adágún kan ṣoṣo pẹ̀lú kì í dá ìtura ṣe. Ní ìpínlẹ̀ Vaud tí Montreux wà yìí gan-an, ní nǹkan bí 50 kìlómítà sí i, adágún mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní Lac de Joux. Orí òkè Jura ló wà, ní nǹkan bí 1,000 mítà, kò sì jìn ju nǹkan bí 30 mítà lọ. Ó máa ń dì nígbà òtútù débi pé àwọn ènìyàn ń yọ̀ lórí rẹ̀ pẹ̀lú bàtà onírin. Ní La Brévine, abúlé kan tí kò tó 100 kìlómítà sí Montreux, adágún kékeré wà nítòsí níbẹ̀ pẹ̀lú, síbẹ̀ wọ́n wọn òtútù −41.8 °C níbẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 1987, èyí tí kò sí irú rẹ̀ rí ní ibi tí ènìyàn ń gbé ní Swítsàlandì. Àní Adágún Constance, tó wà láàárín Swítsàlandì, Jámánì àti Austria, tó jìn tó nǹkan bí 250 mítà, dì pátápátá ní ìgbà òtútù ọdún 1963, tí àwọn ènìyàn fi ẹsẹ̀ rìn kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan pé Adágún Geneva dì pátápátá rí. Jíjìn omi, ìwọ̀nba gíga ilẹ̀, ààbò òkè àti afẹ́fẹ́ òkun ní láti pàdé níbì kan ṣoṣo kí irú ìlú bíi Montreux tó lè wà.

Àwọn ènìyàn ti mọ èyí, wọ́n sì ti ń fi ṣe ayé, tipẹ́tipẹ́ kí Köppen tó fún un ní lẹ́tà. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá ni àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì ti ń gé ẹ̀gbẹ́ òkè Lavaux, láàárín Lausanne àti agbègbè Montreux, sí ìpele ìpele láti gbin àjàrà. Ògiri òkúta tó gbé àwọn ìpele náà ró lé ní 400 kìlómítà bí a bá tò wọ́n mọ́ ara wọn, UNESCO sì fi ibẹ̀ sínú àwọn ogún àjùmọ̀ní ayé ní ọdún 2007. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń sọ pé oòrùn mẹ́ta ló ń ràn sí àjàrà wọn: oòrùn ojú ọ̀run, èyí tí omi adágún ń tàn padà, àti èyí tí ògiri òkúta ń gbà lọ́sàn-án tó sì ń tú sílẹ̀ lóru. Ọ̀rọ̀ wọn bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu pátápátá. Ní ọdún 1761, Jean-Jacques Rousseau gbé ìtàn ìfẹ́ rẹ̀ tó lókìkí, *Julie*, kalẹ̀ sí Clarens, tó ti di ara Montreux báyìí, àwọn àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo ibẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, òtẹ́ẹ̀lì ti kún etí omi. Àárẹ̀ ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń dé síbẹ̀, wọ́n ń sá fún òtútù ìlú wọn nígbà ìwọ́wé àti nígbà òtútù. Ẹ wo ohun tí wọ́n ń rà: ojú ọjọ́ tó dọ́gba ni. Ẹni tó ń wá ooru lásán lè lọ sí gúúsù Ítálì.

Ìtàn tún fi hàn pé ìdọ́gba yìí lè já. Ní oṣù kẹrin ọdún 1815, òkè Tambora ní Indonéṣíà bú gbàmù, èéfín imí-ọjọ́ tó tú sí òfuurufú sì dín ìmọ́lẹ̀ oòrùn kù fún ayé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìgbà ooru kò wá sí ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù bó ti yẹ. Òjò rọ̀ láìdá, irè oko bàjẹ́, ìyàn sì mú ní Swítsàlandì. Etí Adágún Geneva ni Lord Byron, Percy Shelley àti Mary Godwin, tó di Mary Shelley níkẹyìn, wà ní ìgbà ooru náà. Inú ilé tí òjò sé wọn mọ́ ni Mary ti bẹ̀rẹ̀ *Frankenstein*, tó jáde ní ọdún 1818. Byron wọ ọkọ̀ ojú omi dé ilé olódi Chillon lẹ́bàá Montreux, ó sì kọ ewì rẹ̀ lórí ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀. Àwọn oníwé máa ń fi ìtàn yìí yangàn. Ní tèmi, ohun tó sọ fún wa nípa ojú ọjọ́ ló wúwo jù. Adágún kì í dá ooru, ó ń yá ooru ni. Bí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìdajì ayé kejì bá dín ohun tó ń rí yá kù, tàbí tó bá sọ ọ́ di púpọ̀ jù, adágún kò ní agbára láti kọ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan òtútù báyìí. Omi ń wúwo jùlọ nígbà tó bá wà ní nǹkan bí 4 °C. Ní ìgbà ooru, omi òkè adágún ń gbóná kọjá 20 °C, ó fúyẹ́, ó sì léfòó lórí omi ìsàlẹ̀ tó tutù. Àwọn méjèèjì kì í pàdé. Ọ́síjìn tí ẹja àti kòkòrò omi fi ń mí ń ti ojú omi wọlé, ìdí omi kò sì ní ibòmíràn tí yóò ti rí i. Nígbà òtútù, omi òkè ń tutù, ó ń wúwo, ó sì ń rì. Bí òtútù bá le tó, tí omi òkè fi tutù tó ti ìdí, tí afẹ́fẹ́ líle sì dà á rú, gbogbo adágún náà yóò yí padà láti òkè délẹ̀, ọ́síjìn yóò sì dé ìdí tó jìn ju 300 mítà. Èyí ni mímí adágún. Kì í ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún, àní láyé àtijọ́, nítorí omi náà jìn púpọ̀. Ìgbà òtútù tó le gan-an ló ń ṣe é. Ìgbà ìkẹyìn tí Adágún Geneva sì yí padà délẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ìgbà òtútù ọdún 2012. Ẹ rántí ọdún náà. Òtútù àti bise tó fi yìnyín bo ọkọ̀ àwọn ará Versoix, tí gbogbo ayé ń wò bí àjálù, òun kan náà ló fi ẹ̀mí sínú ìdí adágún tí Montreux gbára lé. Láti ìgbà náà, ìgbà òtútù kan kò le tó láti parí iṣẹ́ ọ̀hún, ọ́síjìn ìdí omi sì ń dín kù.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan ará ìlú bí ìdí omi kò bá rí ọ́síjìn, nígbà tí ojú omi ṣì ń tàn, tí afẹ́fẹ́ sì tura. Ó kàn án púpọ̀. Ẹja omble chevalier, tí àwọn apẹja ibẹ̀ fi ń yangàn, inú omi tútù tó jìn ló ń yé ẹyin sí; ẹyin tí kò bá rí ọ́síjìn kò ní í pa. Nígbà tí ọ́síjìn bá tán nídìí omi, ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ti gbà pamọ́ sílẹ̀, èyí tó ń bọ́ ewéko inú omi tó ń sọ adágún di àwọ̀ ewé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún ènìyàn ní Swítsàlandì àti Faransé ló ń mu omi adágún náà. Ìtura tí omi bá ń fún ìlú, tí omi náà sì ń kú lábẹ́, gbèsè ni.

Àtakò tó lágbára jùlọ ni ti àwọn tó ń wo àpò. Wọ́n ní ìgbà òtútù tó rọ̀ ń dín owó ìmúlé-gbóná kù, ó ń fa àlejò wá nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì máa ń ṣófo, ó sì ń jẹ́ kí àjàrà tètè pọ́n. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ ká fi ṣeré: ní ìgbà àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọdún wà tí àjàrà Lavaux kan gógó nítorí oòrùn kò tó. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kà sí èrè ní ìdàkejì. Ìgbà òtútù tó rọ̀ máa ń tan igi àjàrà jẹ, ó ń mú un yọ èéhù ṣáájú àkókò, òtútù òjijì ìgbà ìrúwé á sì pa èéhù náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2017, nígbà tí òtútù òru ba ọ̀pọ̀ oko àjàrà jẹ́ ní Swítsàlandì. Ìgbà ooru náà kò dúró sí ààyè rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2015, wọ́n wọn 39.7 °C ní Geneva. Ibí ni ààlà òkè Köppen ti padà wá bá wa. Bí ìpíndọ́gba oṣù tó gbóná jùlọ bá kọjá 22 °C, lẹ́tà b á kúrò, lẹ́tà a á sì rọ́pò rẹ̀, ìlú á sì bọ́ sínú ìpín tí Shanghai àti New Orleans wà. Ooru tí wọ́n ní yóò fi kún ìtura ló lè yọ ìlú kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn ìlú tí ojú ọjọ́ wọn tura. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Àwọn mìíràn ní ìdáhùn tó fara balẹ̀ ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní adágún yìí ti ṣàìsàn rí, ó sì ti gbádùn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní àwọn ọdún 1970, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì láti inú ọṣẹ ìfọṣọ, omi ìdọ̀tí àti ajílẹ̀ oko pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé omi ń di àwọ̀ ewé, tí ìdí rẹ̀ sì ń gbọ́ngbẹ ọ́síjìn. Ìgbìmọ̀ tí Swítsàlandì àti Faransé jọ gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 láti dáàbò bo adágún náà tẹra mọ́ṣẹ́. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń fọ omi ìdọ̀tí yí adágún ká, Swítsàlandì sì fòfin de fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú ọṣẹ ìfọṣọ ní ọdún 1986. Ìwọ̀n rẹ̀ já wálẹ̀ gan-an. Ìṣẹ́gun ńlá ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ilé àti inú oko tó yí adágún náà ká ni àrùn ìgbà yẹn ti wá, orílẹ̀-èdè méjì sì lè jókòó kí wọ́n fòfin dá a dúró. Àrùn tòní ń wá láti inú èéfín gbogbo ayé. Àwọn òkìtì yìnyín orí òkè, tí odò Rhône ti ń gba omi tútù rẹ̀ kó tó wọ adágún nítòsí Montreux, pàápàá ń yọ́: nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo yìnyín irú bẹ́ẹ̀ ní Swítsàlandì ló lọ láàárín ọdún 2022 àti 2023 péré. Ẹni tó bá fi ìwòsàn àárọ̀ ṣe ẹ̀rí pé adágún yóò wo ara rẹ̀ sàn lálẹ́ ti gbàgbé pé òfin àti owó ènìyàn ló wò ó sàn nígbà yẹn.

Èyí kò ní kí ìlú Montreux àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ káwọ́ gbera. Iṣẹ́ àná ṣì ń ṣàǹfààní lónìí: bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá kéré, ewéko omi á kéré, ohun tó ń jẹrà nídìí omi á kéré, ọ́síjìn tó kù níbẹ̀ á sì pẹ́ kó tó tán. Nítorí náà, gbogbo ìdínkù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ń ra àkókò fún adágún títí òtútù líle yóò fi padà dé. Ọ̀nà mìíràn tún wà. Láti àwọn ọdún 1980 ni yunifásítì EPFL nítòsí Lausanne ti ń fa omi adágún láti fi mú ilé rẹ̀ gbóná, kí ó sì fi tù ú lára nígbà ooru, dípò kí ó máa jó epo. Ìlú Geneva náà ti ń gba ọ̀nà yìí. Òun gan-an ni adágún ti ń ṣe fún gbogbo etí omi láti ayébáyé, tí a wá fi páìpù darí. Ó ní ewu tirẹ̀: ìkarawun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní quagga, tí wọ́n rí nínú adágún náà ní ọdún 2015, ń di ẹnu páìpù pa. Ìwọ̀n sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, kí a má baà máa da ooru ilé padà sínú omi tó ti ń wá òtútù. Ṣùgbọ́n epo tí a kò jó jẹ́ ooru tí ayé kò gbà, òun sì ni ohun kan ṣoṣo tó lè dá ìgbà òtútù padà.

Ó yẹ ká dá èrò kan dúró kí a tó parí: pé ọ̀pẹ etí omi Montreux jẹ́ àmì pé ooru ni ìlú náà fẹ́. Ọ̀pẹ tí wọ́n gbìn síbẹ̀ jùlọ wá láti àwọn òkè Ṣáínà, irú èyí tó lè fara da òtútù tó le ju òdo lọ dáadáa. Kì í ṣe ọmọ ibi gbígbóná. Ohun tó ń pa á ni àṣejù, àṣejù ọ̀hún ni adágún ń dí lọ́nà. Bí ọ̀pẹ náà ṣe rí ni ìlú náà rí. Fún nǹkan bí igba ọdún ni Montreux ti ń ta ìtura rẹ̀ fún ayé nínú ìwé, nínú àwòrán àti ní òtẹ́ẹ̀lì, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tajà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Kí ìjọba ìlú, àwọn onílé àlejò àti àwọn àgbẹ̀ Lavaux ka ìgbà òtútù líle mọ́ dúkìá wọn. Kí wọ́n máa tọpa ọ́síjìn ìdí adágún lójú méjèèjì bí wọ́n ṣe ń ka iye àlejò, kí wọ́n sì máa sọ ọ́ síta ní gbangba. Kí wọ́n jẹ́ kí ohùn wọn dún níbi tí a bá ti ń jíròrò lórí èéfín ayé, nítorí àwọn ni wọ́n ní ohun tí wọ́n lè pàdánù jù. Ìlú tó gbajúmọ̀ nítorí pé kò tutù jù ní láti di alágbàwí òtútù, nítorí ìdọ́gba tó fi ń jẹun kò lè pẹ́ bí apá kan rẹ̀ bá ti lọ.